Ìwé Òjò fún Ará Ìlọrin

Omi òjò tó ń rọ̀ sí Ìlọrin lọ́dún kan tó ìlọ́po méjì èyí tó ń rọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Tiwa wà ní àyíká 1,200 mìlímítà, tiwọn ò ju nǹkan bí 600 lọ. Síbẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú òjò, Ìlọrin ló sì ń dúró de ọkọ̀ omi ní oṣù kejì. Bí òjò náà ṣe pín ló fà á. Lọ́ńdọ̀nù ń gba tirẹ̀ ní wẹliwẹli láti oṣù kìíní títí dé ìkejìlá. Àwa ń gba tiwa ní ọ̀wààrà láàárín nǹkan bí oṣù méje, tí ìjì ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo lè da omi tó ìdámẹ́ta ti oṣù sílẹ̀ kí ẹni tó sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó rí ibi jókòó.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka "òjò ọdún yìí á pọ̀" sí ìròyìn. Nígbà wo ló máa pọ̀? Ibo ló máa pọ̀ sí? Òjò lè pé níye kí àgbàdo sì kú, bó bá ti lọ kó jọ sí ìgbà tí àgbàdo ò nílò rẹ̀. Ẹni tó ń dáko ní Òkè-Oyì, ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga ní Gànmọ, ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí odò Asà, kálukú wọn ló ní òjò tirẹ̀ tó yẹ kó mọ̀. Ọ̀nà tó dájú jù láti mọ̀ ọ́n ni kí èèyàn máa wọ̀n ọ́n, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kò gba owó púpọ̀: àrọ kan, kẹ́ẹ̀gì kan, ìwé kan. Sùúrù ló gbà.

Ibi tí òjò wa ti ń bọ̀

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ojú ọ̀run wa. Èyí tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ gbẹ. Òun ló ń gbé ọyẹ́ wá, tó ń la ètè, tó sì ń fi eruku bo Òkè Sòbí títí ojú ò fi ní tó o mọ́. Èkejì ń ti Òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, omi ló rù. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù kìíní, ó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún nítòsí etíkun. Bí oòrùn ṣe ń gòkè sí àríwá ni òun náà ń gòkè, títí yóò fi dé nǹkan bí digiri 20 ní oṣù kẹjọ, nínú aṣálẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni yóò yí padà, yóò sì máa sáré bọ̀ ju bó ṣe lọ. Ìlọrin wà ní nǹkan bí digiri 8 ààbọ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni ìpàdé yìí ń gba orí wa kọjá lọ́dún.

Òjò kì í rọ̀ níbi ìpàdé náà gan-an. Afẹ́fẹ́ olómi ibẹ̀ fẹ́lẹ́, kò lè gbé òjò ró. Ó di ìgbà tí ìpàdé náà bá ti kọjá wa lọ sí àríwá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà kí ojú ọ̀run tó lè ṣú dáadáa. Ẹ rántí bí ooru oṣù kẹta ṣe ń rí: èèyàn á máa làágùn lóru, ara á máa lẹ̀ mọ́ ẹní, ojú ọ̀run á sì mọ́ fefe. Afẹ́fẹ́ olómi ti dé nígbà yẹn o. Kò tíì nípọn tó ni.

Ìrìn yìí ni kì í jẹ́ kí òjò ìlú kan jọ ti ìkejì. Èkó ń rí tirẹ̀ ṣáájú, oṣù kẹfà ló sì máa ń rọ̀ jù níbẹ̀. Kánò ń dúró títí, òjò rẹ̀ á wá kó jọ sí oṣù keje àti ìkẹjọ, á sì ti tán pátápátá kí oṣù kẹwàá tó jìnnà. Ìlọrin wà láàárín àwọn méjèèjì. Òjò wa ní orí méjì: ọ̀kan ní oṣù kẹfà, èkejì ní oṣù kẹsàn-án, tó sábà máa ń ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láàárín wọn ni òjò ti máa ń dẹwọ́ díẹ̀. "August break" tí àwọn ará Èkó ń sọ yìí, tiwa kò ṣeé fọkàn tán. Lọ́dún kan á hàn gbangba fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Lọ́dún mìíràn ẹ ò ní mọ̀ pé ó wá ó lọ. Nínú ìpínlẹ̀ Kwara yìí kan náà, bí ẹ bá gba gúúsù lọ sí Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, òjò ibẹ̀ á máa jọ ti Ìbàdàn àti Èkìtì. Bí ẹ bá gba àríwá lọ sí Kàyámà, orí méjì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹyọ kan. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn ìgbà ọ̀gbìn lọ́wọ́ àna rẹ̀ ní Ọ̀fà, kó rò ó wò kó tó lò ó ní Bódè-Sáàdú.

Ẹ má sì rò pé bí èèyàn bá ṣe ń sún mọ́ òkun ni òjò ń pọ̀ sí i. Accra wà létí òkun gan-an, òjò rẹ̀ kò sì tó 900 mìlímítà lọ́dún. Etíkun ibẹ̀ àti ti Tógò na gbọọrọ sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ olómi ń gbà, afẹ́fẹ́ náà á kàn rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Omi òkun tútù tó ń ru sókè níbẹ̀ láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án kò sì jẹ́ kí ìkùukùu rí ooru tó máa gbé e dìde. Ní Debundscha ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, níbi tí afẹ́fẹ́ kan náà ti ń forí sọ òkè ńlá, nǹkan bí 10,000 mìlímítà ló ń rọ̀ lọ́dún. Ìlọrin tó wà láàárín ilẹ̀ wá ń gba omi ju Accra tó ń gbọ́ ariwo ìgbì lójoojúmọ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀rinrin wa ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n láti ìlà-oòrùn ni ìjì tó ń rọ omi náà sílẹ̀ ti sábà máa ń wá. Afẹ́fẹ́ mìíràn tó wà lókè ju èyí tí à ń mí sínú lọ ń sáré lọ sí ìwọ̀-oòrùn, òun ló ń ti ìjì síwájú. Nítorí náà, ìhà Òkè-Oyì àti Ìdòfìán ni kí ará Ìlọrin máa wò ní ìrọ̀lẹ́. Bí ibẹ̀ bá ṣú dẹ̀dẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tútù sì gbé eruku ṣáájú, ẹ kó aṣọ wọlé. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ lè rin nǹkan bí 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi sán. Mẹ́ta-mẹ́ta dúró fún kìlómítà kan. Bí iye tí ẹ kà kò bá tó 30, ẹ kúrò lóko, ẹ kúrò lábẹ́ igi, ẹ wọ inú ilé. Èyí tó bá ṣú ní ìwọ̀-oòrùn, lọ́pọ̀ ìgbà ó ti kọjá yín.

Òṣùwọ̀n tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe

Mìlímítà òjò kò le láti yé èèyàn. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú tí omi ò ṣàn lọ, tí ilẹ̀ ò sì fà á mu, jíjìn omi tó dúró níbẹ̀ ni à ń wọ̀n. Mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan, jẹ́ lítà omi kan géérégé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó tún padà lò ó lórí òrùlé.

Ẹ wá àrọ oníke tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, irú èyí tí àwọn tó ń ta kẹrosíìnì fi ń rọ epo. Ẹ tì í bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún kí ó há dáadáa, kí omi má rí ẹ̀gbẹ́ gbà wọlé. Ẹ ri ìdí kẹ́ẹ̀gì náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, tàbí kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù há a, kí ìjì má gbé e lọ. Ẹnu àrọ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kó sì ga kúrò nílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, nítorí omi tó ń ta pàrà láti ilẹ̀ kì í ṣe òjò tuntun. Ibi tí ẹ gbé e sí ṣe pàtàkì ju òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ lọ. Bí ògiri bá ga ní mítà mẹ́ta, ẹ jìnnà sí i ní mítà mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi. Òṣùwọ̀n tó wà lábẹ́ máńgòrò yóò purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀mejì: ewé á gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀, á sì tún máa kán an sínú rẹ̀ nígbà tí òjò ti dá.

Láàárọ̀, ẹ da omi inú kẹ́ẹ̀gì sínú fídà ọmọ tó ní àmì mìlílítà lára, ẹ kà á. Bí ó bá kéré gan-an, síríńjì láti ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì á wọ̀n ọ́n dáadáa. Ìṣirò tó kù kò ju ti ọmọ iléèwé lọ. Ẹ dá fífẹ̀ ẹnu àrọ sí méjì: ìdajì 15 jẹ́ 7.5. Ẹ sọ 7.5 di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá sọ ìyẹn di ìlọ́po 3.14, yóò fún yín ní nǹkan bí 177. Iye mìlílítà tí ẹ bá rí, ẹ pín in pẹ̀lú 177, kí ẹ sọ èsì náà di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí àpapọ̀ ohun tí ẹ fi fídà wọ̀n bá jẹ́ 530, òjò mìlímítà 30 ló rọ̀. Ẹ ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ kọ ọ́ sórí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná: 177 jẹ́ mìlímítà mẹ́wàá, 88 jẹ́ márùn-ún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnu àrọ yín bá fẹ̀ ju 15 lọ tàbí tó dín, 177 yẹn á yàtọ̀. Ẹ má yá ti aládùúgbò lò.

Ẹ mú aago kan, ẹ dúró tì í. Mẹ́sàn-án àárọ̀ dára. Ohun tó bá rọ̀ láti mẹ́sàn-án àná di mẹ́sàn-án òní ni ẹ ó kọ.

Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé ti Táńkẹ̀ kì í bá ti Adéwọlé dọ́gba. Òjò ò bá ẹnì kankan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ìkùukùu tó ń rọ̀jò ní ìrọ̀lẹ́ lè má fẹ̀ ju kìlómítà mélòó kan lọ. Ìdí rèé tí ìròyìn òjò láti pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin, bó ti wù kó péye tó, kò fi lè rọ́pò kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́yìnkùlé yín.

Ohun tí ẹ ó kọ

Ọjọ́, mìlímítà, ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìhà tó ti wá. Bí yìnyín bá bọ́ tàbí ìjì ṣí páànù, ẹ kọ ìyẹn náà. Ọjọ́ tí òjò ò rọ̀, ẹ kọ 0. Ẹ má fi àyè sílẹ̀ lásán, nítorí lẹ́yìn ọdún méjì ẹ ò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀ àbí ẹ̀yin ni ẹ lọ síbi ìgbéyàwó ní Jẹ́bà. Bí ẹ bá rìnrìn àjò, ẹ wọn gbogbo omi tí ẹ bá nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sọ pé ti ọjọ́ mélòó ni.

Kàlẹ́ńdà wá ńkọ́? Ní ìlú bíi tiwa tí ààwẹ̀ àti Iléyá ti ń pín ọdún, ó rọrùn láti rántí òjò pẹ̀lú ọdún ìsìn: "òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó túnu." Fún òjò, ìrántí bẹ́ẹ̀ léwu. Oṣù ojú ọ̀run ni ààwẹ̀ ń tẹ̀lé, nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ló sì fi ń sún ṣáájú lọ́dọọdún. Ìtúnu ààwẹ̀ ọdún 2024 bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Ti 2025 bọ́ sí ìparí oṣù kẹta. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó ti yí gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò po. Bí ìyá àgbà bá sọ pé nígbà èwe àwọn, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ òjò ni wọ́n fi ń gbààwẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ààwẹ̀ ló rìn. Oòrùn ni òjò ń bá lọ, nítorí náà oṣù kìíní sí ìkejìlá ti òyìnbó ni kí ẹ fi kọ ọ́.

Nǹkan kan wà láti ọ̀dọ̀ àwọn àáfà tó yẹ kó wọ ìwé, bẹ́ẹ̀ n kì í sábà rí i kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́: ọjọ́ tí wọ́n bá jáde lọ kí ìrun òjò. Ọ̀dá ti ní láti mú gan-an kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Bí ìwé àdúgbò kan bá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, ìtàn ọ̀dá wà lọ́wọ́ wọn.

Kí irúgbìn tó jáde nínú àpò

Àkọ́rọ̀ ń tan àgbẹ̀ jẹ. Ó lè dé ní àárín oṣù kẹta, kó rọ̀ títí ilẹ̀ á fi máa rùn dídùn, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e wá gbẹ táútáú. Irúgbìn tó ti hù á rọ, owó rẹ̀ á sì wọgbó. Ìlànà kan wà tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń lò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: kí òjò ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra tó mìlímítà 20 lápapọ̀, kí ó má sì sí àlàfo gbígbẹ tó ju ọjọ́ méje lọ nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Apá àkọ́kọ́ rọrùn, kẹ́ẹ̀gì yín á sọ ọ́. Ẹ ó ní, báwo la ṣe fẹ́ mọ ọgbọ̀n ọjọ́ tí kò tíì dé? Ibí gan-an ni ìwé ti ń sanwó ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ ó lè ṣí i padà kí ẹ bi í pé: nínú àwọn òjò tó dé kí oṣù kẹrin tó pé ìdajì, mélòó ló dúró? Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ní agbègbè Ìlọrin, ìparí oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún ni òjò sábà máa ń fìdí múlẹ̀. Oko yín lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ìyẹn, ìyàtọ̀ náà sì ni owó.

Kí ẹ tó gbìn, ẹ fi ọkọ́ wa ilẹ̀ jìn tó gígùn ọwọ́, láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka. Ẹ bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bó bá di ìṣù, omi ti wọlé. Bó bá fọ́n ká, orí ilẹ̀ nìkan ló tutù, ẹ ní sùúrù.

Tèmi ni pé kí ẹ má gbin gbogbo oko lọ́jọ́ kan. Ẹ gbin ìdámẹ́ta nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ pé òṣùwọ̀n, kí ẹ fi ìyókù dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọ̀dá bá mú ti àkọ́kọ́, oko ò tíì tán. Bí kò bá mú un, ẹ ti ní àgbàdo tútù tí ẹ máa kó lọ sí ọjà Ìpàtà ṣáájú àwọn yòókù. Iṣu kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti inú ẹ̀ẹ̀rùn ló ti wà nínú ebè, koríko gbígbẹ tí ẹ fi dé e lórí ló ń dáàbò bò ó. Àkọ́rọ̀ ò rí i tàn jẹ.

Lójú tèmi, ìgbà tí òjò máa parí ṣe pàtàkì ju ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹnu ìbẹ̀rẹ̀ ló ń sọ. Òjò wa sábà máa ń tán láàárín ìdajì àti ìparí oṣù kẹwàá. Ẹ ti ibẹ̀ kà á padà sẹ́yìn. Àgbàdo ìkẹyìn tó máa lo àádọ́rùn-ún ọjọ́, kò yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹjọ kó tó wọlẹ̀, nítorí ìgbà tó bá ń yọmọ ló nílò omi jù; bí òjò bá dá lórí ìyẹn, pòpórò lásán ni ẹ ó kórè. Ẹ̀wà yàtọ̀. Oríṣi tó máa ń gbó ní 60 sí 70 ọjọ́, àárín oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni ká gbìn ín, kó lè rí òjò oṣù kẹsàn-án mu, kó sì gbó sínú oòrùn. Ẹ̀wà tó bá gbó sínú òjò á jẹrà nínú èèpo.

Nígbà tí NiMet bá sọ̀rọ̀

NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: ọjọ́ tí òjò á bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí á tán, iye tí á rọ̀, àti ibi tí ọ̀dá àárín òjò ti lè mú. Ẹ má ṣe dúró lórí "Kwara" nìkan. Ẹ wá orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yín, yálà Asà ni, tàbí Mórò, tàbí Ìlà-Oòrùn Ìlọrin. Ọjọ́ tí wọ́n dá kì í ṣe àdéhùn. Ẹ máa fi ọjọ́ mélòó kan sí ìwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì sọ pé òjò á wà bó ṣe máa ń wà, ìdíwọ̀n ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ọ̀dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè wà nínú ọdún tí òjò rẹ̀ wà bó ṣe máa ń wà, bí òjò oṣù kẹsàn-án bá ti dí àlàfo iye náà.

Ẹ kọ àsọtẹ́lẹ̀ wọn sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ọdún kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kọkànlá, ẹ fi wé ohun tí kẹ́ẹ̀gì sọ. Bí òjò oko yín bá máa ń pẹ́ ju tiwọn lọ ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó fi kún un.

Òrùlé, tánkì àti kànga

Ẹ rántí pé mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan. Ilé tó gùn ní mítà mẹ́wàá, tó sì fẹ̀ ní mítà mẹ́jọ, òrùlé rẹ̀ jẹ́ 80. Òjò mìlímítà 30 á rọ lítà 2,400 sórí rẹ̀. Ẹ yọ ìdámárùn-ún kúrò fún èyí tó ta dànù. Ó kù díẹ̀ ju 1,900 lọ, ìyẹn ju dúrọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án lọ láti inú òjò ìrọ̀lẹ́ kan. Ìṣirò yìí ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó ra tánkì, kì í ṣe kí ẹ ra èyí tí aládùúgbò rà. Òjò oṣù kẹta àti ìkẹrin, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣàn dànù, eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń fọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ mu omi òrùlé, ẹ sè é.

Ní ti kànga, àpáta ló wà lábẹ́ Ìlọrin. Omi tí kànga wa ń fà wà nínú ilẹ̀ rírà tó wà lórí àpáta náà, ó ń ga nígbà òjò, ó ń lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kànga tí wọ́n gbẹ́ ní oṣù kẹwàá á tètè kan omi, gbogbo ilé á sì yọ̀. Ní oṣù kejì, ìkòkò á máa há ilẹ̀. Ìparí oṣù kẹta, nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ dé góńgó, ni kí ẹ pe àwọn agbẹ́kànga.

Ọdún kì í jọra

Ẹni tó bá fi ọdún méjì péré ṣe ìdájọ́, òjò á dójú tì í. Láàárín 1950 sí 1970, òjò pọ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá ńlá ti 1972 sí 1973 dé, àti èyí tó tún le bíi tirẹ̀ ní 1983 sí 1984, tí màlúù kú lọ bẹẹrẹ ní Sàhẹ́lì. Láti nǹkan bí ọdún 1990, òjò ti padà díẹ̀díẹ̀. Gbígbóná àti títutù òkun wà nínú ohun tó ń fà á: bí Ọ̀gbun Òkun Gíní bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, òjò á fẹ́ jókòó sí etíkun, Sàhẹ́lì á sì máa wò ó láti ọ̀ọ́kán. Ayé tó ń gbóná sí i ti wá da ọ̀rọ̀ náà rú. Bí afẹ́fẹ́ bá fi digiri kan gbóná sí i, ó lè ru nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún omi kún èyí tó ń rù tẹ́lẹ̀, nígbà tó bá sì sọ ọ́ kalẹ̀, á sọ ọ́ kalẹ̀ lójijì.

Ní òru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2025, omi gbé Mọ́kwá ní ìpínlẹ̀ Niger, ìlú tí ẹni tó bá ti Ìlọrin gba Jẹ́bà kọjá á dé. Ó lé ní 200 èèyàn tó kú. Oṣù karùn-ún ni o, kì í ṣe oṣù kẹsàn-án tí gbogbo èèyàn ń ṣọ́. Nítorí náà, ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà kí oṣù kẹrin tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àmílẹ́gbẹ́ àti gbogbo etí odò Asà, ẹ mọ̀ pé láti gúúsù ni odò náà ti ń ṣàn wọ ìlú. Ìjì ni à ń ṣọ́ ní ìlà-oòrùn. Omi odò, gúúsù ni ká ṣọ́ ọ. Òjò lè má kan àjà yín rárá lálẹ́, kí omi sì wà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ẹ bá mọ̀lẹ́bí kan ní ìhà Àfọ̀n sọ̀rọ̀, kó máa pè yín bí òjò bá rọ̀ ju wákàtí méjì lọ lọ́dọ̀ wọn.

Etí Odò Ọya tún ní tirẹ̀. Òjò tó rọ̀ sórí àwọn òkè Gíní láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án máa ń gba Málì kọjá, níbi tó ti ń tẹ́ sílẹ̀ nínú irà tó sì ń rìn jẹ́jẹ́, tó fi jẹ́ pé inú ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dé Nàìjíríà. Ìdídò Kàíńjì, tí wọ́n parí ní 1968, ń gbà á dúró, ó sì ń tú u sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ẹ̀yin tí àkùrọ̀ yín wà ní Pátígì tàbí Láfíàgí, kẹ́ẹ̀gì nìkan kò tó yín. Ẹ ri òpó kan mọ́ etí omi, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i lára ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ máa kọ ibi tí omi dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí kan àwọn oṣù tí 0 nìkan wà nínú ìlà òjò.